Kí Ẹ Tó Forúkọ Sílẹ̀ fún Eré Máìlì Mẹ́tàlá

Àwọn bàbá wa máa ń sọ pé ẹnìkan kì í déédé sáré nínú ẹ̀gún: bí kò bá lé nǹkan, nǹkan ń lé e. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí fẹ́ sọ òwe náà di irọ́. Ẹ ò lé nǹkan kan, nǹkan kan ò lé yín, owó lẹ tún ń san kí wọ́n tó jẹ́ kí ẹ sáré. Mi ò fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ o. Èmi náà wà nínú ẹgbẹ́ asáré-sanwó yìí, ewú orí mi ò sì ní kí n má so nọ́ńbà mọ́ àyà. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ẹ ti mọ̀ pé mo ń sá a ni ìbéèrè kan náà ti ń tẹ̀ lé mi kiri, lẹ́yìn ìsìn, níbi ìkómọ, lórí WhatsApp: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ìdajì máratọ́ọ̀nù wo ni kí n sá? Èyí tójú ọ̀nà rẹ̀ rẹwà ni mo fẹ́."

Ẹ jókòó kí n dá yín lóhùn lẹ́ẹ̀kan náà, kí n lè sinmi.

Kí ló ń mú kí ojú ọ̀nà kan rẹwà? Òkè ni, àfonífojì ni, omi ni, etí òkun ni. Òkè tí ẹ ń wò nínú àwòrán yẹn, ẹsẹ̀ yín ló máa gùn ún. Òkun tó ń dán yẹn, afẹ́fẹ́ ń ti orí rẹ̀ bọ̀, iwájú yín ló sì sábà máa ń gbà wá. Ẹwà ọ̀nà kì í ṣe ọ̀fẹ́, itan ló ń san án. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń béèrè kí n tó dáhùn: ṣé ojú lẹ fẹ́ fi sá eré yìí ni àbí aago? Ẹni tó bá ní òun fẹ́ méjèèjì pọ̀ lọ́jọ́ kan náà, n kì í bá a jiyàn. Mo máa ń ní kó lọ forúkọ sílẹ̀, kó padà wá ròyìn fún mi.

Bó bá jẹ́ aago lẹ ń lé, ọ̀rọ̀ yín kò le. Ẹ lọ sí Valencia ní Sípéènì. Ìlú náà tẹ́ pẹrẹsẹ. Ibẹ̀ ni Yomif Kejelcha, ọmọ Etiópíà, ti fi ìṣẹ́jú 57 àti ìṣẹ́jú-àáyá 30 sá ìdajì máratọ́ọ̀nù ní oṣù kẹwàá ọdún 2024. Ibẹ̀ náà ni Letesenbet Gidey, ọmọ orílẹ̀-èdè kan náà, ti sá a ní wákàtí 1, ìṣẹ́jú 2 àti ìṣẹ́jú-àáyá 52 ní 2021. Irú eré bẹ́ẹ̀ kì í wáyé lórí òkè. Kìlómítà 21 àti mítà 97 ààbọ̀ ni wọ́n ń sá níbẹ̀, òun náà ni wọ́n ń sá níbi gbogbo. Ọ̀nà ló yàtọ̀. Ẹ sì mọ̀ pé odidi máratọ́ọ̀nù, kìlómítà 42 àti mítà 195, Òlíḿpíìkì London ti 1908 ló ti wá. Láti ààfin Windsor ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì sún òpin rẹ̀ dé iwájú ìjókòó ìdílé ọba ní pápá White City. Ìjókòó àwọn ọlọ́lá ni ẹsẹ̀ yín ń sanwó rẹ̀ títí dòní.

Nílé, ní Nàìjíríà, kìlómítà 10 ló wọ́pọ̀. Eré Okpekpe ní Ìpínlẹ̀ Ẹdó bẹ̀rẹ̀ ní 2013, òkè sì pọ̀ lójú ọ̀nà rẹ̀. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 2016, odidi máratọ́ọ̀nù ni, ó sì ń gba orí Third Mainland Bridge kọjá. Àwọn tó sá a sọ fún mi pé ọjọ́ yẹn ni àwọn kọ́kọ́ wo ọ̀sà láti orí afárá yẹn láìsí sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ, láìsí fèrè ọkọ̀ dáńfó. Èyí tó ń jẹ́ ẹwà ojú ọ̀nà nìyẹn náà. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lẹ̀yin tó ń bi mí ń gbé, ibẹ̀ ni mo sì mọ̀ dáadáa.

Great North Run lẹ máa ń kọ́kọ́ dárúkọ. Mo mọ ìdí. Ọdún 1981 ni Brendan Foster, asáré ọmọ àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dá a sílẹ̀ lẹ́yìn tó ti lọ bá wọn sá irú rẹ̀ ní Auckland ní New Zealand. Bí ẹgbẹ̀rún méjìlá èèyàn ló sá èyí àkọ́kọ́. Lónìí, wọ́n ń lọ bí ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́ta. Ní 2014, ẹni tó pé mílíọ̀nù kan láti ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kọjá ìlà òpin. Asáré tó ń jẹ́ Mo Farah gbà á lẹ́ẹ̀mẹfà léraléra, láti 2014 dé 2019. Àárín Newcastle ni wọ́n ti ń gbéra, wọ́n á gba orí afárá Tyne, ọkọ̀ òfuurufú àwọn ológun Red Arrows á sì máa tú èéfín aláwọ̀ pupa, funfun àti búlúù sókè orí wọn. Àwòrán afárá yẹn lẹ ń rí lórí fóònù.

Ohun tí fóònù kì í sọ ni pé lẹ́yìn afárá yẹn, títì ọkọ̀ ńlá ni, àti ràǹdábáòtù lẹ́yìn ràǹdábáòtù, láti Gateshead títí ẹ ó fi fẹ́ dé etí òkun ní South Shields. Ẹni tó bá ní ọ̀nà yẹn rẹwà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kò tíì sá a. Èèyàn ló rẹwà níbẹ̀. Màmá arúgbó á dúró lẹ́nu géètì rẹ̀, á gé ọsàn sínú abọ́, á máa na án sí yín. Ọmọdé á gbé rọ́bà omi jáde, á máa fọ́n ọn sí ẹni tí ooru mú. Wọ́n á máa ké orúkọ tó wà lórí nọ́ńbà yín. Bí ẹ bá kọ "Olúwafúnmiláyọ̀" síbẹ̀, ẹ máa gbádùn ohun tí ẹnu wọn máa sọ ọ́ dà. Kí máìlì tó kẹ́yìn tó bẹ̀rẹ̀, ẹ ó sọ̀ kalẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan tó ga gan-an, ẹ ó sì yà sí ẹ̀gbẹ́ òkun. Ẹ ó rò pé ẹ ti dé. Ẹ ò tíì dé. Máìlì kan gbáko ló kù, ó lọ tààrà, iye èèyàn tó wà ní iwájú yín ni kò ní jẹ́ kí ẹ rí òpin rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ ó tò fún ọkọ̀ ojú irin tí yóò gbé yín padà sí Newcastle, ìlà yẹn náà sì tó eré ìje lọ́tọ̀.

Bí ariwo àti èrò bá ń fún yín lágbára, ẹ lọ. Ẹni tó dàgbà sí òwàǹbẹ̀ kò ní ṣàárẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé kèké ni wọ́n fi ń mú àwọn tó máa sá a, àìmọye èèyàn ni kèké kì í mú. Àwọn ẹgbẹ́ àánú ní àyè tí wọ́n ń fúnni, ó kù kí ẹ bá wọn kó owó jọ kó tó iye tí wọ́n ní. Màá padà sórí ìyẹn.

Bí èèyàn bá wá fẹ́ kí ojú òun jẹun lóòótọ́, Conwy ni mo máa ń rán an lọ, ní àríwá Wales. Kò lókìkí bíi ti Newcastle, ó dára bẹ́ẹ̀. Oṣù kọkànlá ni wọ́n ń sá a, nígbà tí òtútù ti ń mú. Ẹ̀bá odi ààfin tí Ọba Edward Kìíní kọ́ ní ìparí ọ̀rúndún kẹtàlá ni ẹ ó ti gbéra. Ẹ gbójú sókè, ẹ wo ilé ìṣọ́ rẹ̀ mẹ́jọ. Ìgbà tí wọ́n ń to òkúta wọ̀nyẹn lé ara wọn, baba ńlá yín ń jọba ní Ọ̀yọ́ tàbí ó ń ṣọdẹ ní Ẹ̀fọ̀n, kò gbọ́ ohun tó ń jẹ́ Wales rí. Ẹ ó gba Deganwy kọjá lọ sí Llandudno, omi á wà ní ẹ̀gbẹ́ yín, ilẹ̀ á sì tẹ́. Gbogbo ènìyàn ló máa ń yára jù níbẹ̀. Kí ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń dúró dè yín ni Great Orme.

Great Orme, òkè olókùúta ni, ó yọ sínú òkun, ó ga tó mítà 207. Láti ayé idẹ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í wa bàbà nínú rẹ̀ rí. Ẹ ò ní dé ṣóńṣó rẹ̀. Ọ̀nà kan tí wọ́n ń pè ní Marine Drive ni ẹ ó gbà yí i po, ọ̀nà tí wọ́n gé sí ẹ̀gbẹ́ àpáta ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún kí àwọn olówó lè máa fi kẹ̀kẹ́ ẹṣin najú. Ọwọ́ kan àpáta, ọwọ́ kejì ògiri kúkúrú, òkun wà nísàlẹ̀ ògiri. Ó ń gùnkè díẹ̀díẹ̀, kò ga lójijì, ohun tó sì fi ń tan èèyàn jẹ nìyẹn. Ẹ ó máa rò pé igun tó wà níwájú ni òpin òkè náà. Ẹ ó dé igun, ẹ ó rí igun mìíràn. Níbi kan lẹ́yìn bẹ́ẹ̀, ọ̀nà á yà, afẹ́fẹ́ tí àpáta ti ń bá yín dí lọ́nà á sì kọ lù yín lójú lẹ́ẹ̀kan náà. Níbẹ̀ ni àwọn tó ń sọ̀rọ̀ máa ń dákẹ́. Ewúrẹ́ onírun gígùn ń gbé orí òkè yẹn, láti ilẹ̀ Kashmir ni ìran wọn ti wá. Àwọn ni wọ́n wọ àárín Llandudno lọ jẹ òdòdó ọlọ́dòdó ní 2020 nígbà tí àrùn Kòrónà sé kálukú mọ́lé. Bí ẹ bá rí wọn lórí àpáta, wọ́n á wò yín bí ìgbà tí wọ́n ń wo ẹni tí nǹkan ń ṣe.

Bí ẹ bá ti gun òkè náà tán tí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀, ẹ gbórí sókè. Ẹ má wo aago. Erékùṣù Anglesey á wà lápá kan, ẹnu odò Conwy á ṣí sílẹ̀ níwájú, òkè Eryri á sì to ara wọn sẹ́yìn rẹ̀, yìnyín sì lè ti wà lórí díẹ̀ nínú wọn. Mo ti sáré níbi púpọ̀, mi ò tíì rí ibi tó tún tó bẹ́ẹ̀. Ìdájọ́ tèmi nìyẹn. Àwọn tó ti sá èyí tó wà ní erékùṣù Skye ní Scotland máa ń bá mi jiyàn. Ní Portree ni wọ́n ti ń sá a, ní oṣù kẹfà, ìgbà tí ilẹ̀ kì í fẹ́ ṣú. Ọ̀nà ibẹ̀ jìn kọjá ààlà fún ẹni tó ń gbé Peckham ní London, kòkòrò kéékèèké kan sì wà níbẹ̀ tí yóò fi awọ yín ṣe ọdún. Brighton rọrùn dé, etí òkun ni, ó tẹ́, ìparí ìgbà òtútù ni. Afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò mọ àgbà.

Ní ti ojú ọjọ́, ẹ má fi àwòrán tí wọ́n yà lọ́jọ́ oòrùn pinnu. Ìdíje ìdajì máratọ́ọ̀nù àgbáyé wáyé ní Cardiff ní oṣù kẹta ọdún 2016. Òjò àti ìjì dé bá wọn lójú ọ̀nà. Geoffrey Kamworor láti Kẹ́ńyà ṣubú níbi ìlà ìbẹ̀rẹ̀ gan-an, ó dìde, ó sì gbà á. Kamworor nìyẹn. Ẹ̀yin, ẹ mú aṣọ òjò lọ, kí ẹ sì wọ láílọ́ọ̀nù ìdalẹ̀nù sórí aṣọ yín títí wọn ó fi ní kí ẹ gbéra. Kò sẹ́ni tó máa rẹ́rìn-ín yín, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn ń ṣe.

Ọmọ ọ̀rẹ́ mi kan tó ń gbé Salford gba ìmọ̀ràn Conwy lọ́wọ́ mi, ó gbàgbé ìyókù. Ẹ̀bá odò tí wọ́n gbẹ́ fún ọkọ̀ ojú omi ló ti ń fi gbogbo oṣù mẹ́ta gbára dì, ibi tí ilẹ̀ ti tẹ́ láti òwúrọ̀ dalẹ́. Ó gun Great Orme dáadáa, nítorí ọkàn rẹ̀ le. Sísọ̀ ló pa á. Nígbà tí a bá ń sọ̀, iṣan iwájú itan ló ń dá gbogbo ara dúró ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ó sì ń nà bó ṣe ń dá a dúró. Iṣan tí kò bá ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ya. Máìlì mẹ́ta tó kẹ́yìn, tó sì tẹ́, ìrìn ló fi rìn ín, ẹ̀yìn-ẹ̀yìn ló sì fi ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ilé lọ́jọ́ kejì. Nítorí náà, ẹ yan òkè tí ẹ lè rí irú rẹ̀ nítòsí ilé. Ẹ̀yin ará Woolwich àti Plumstead, Shooters Hill wà lẹ́yìnkùlé yín, ẹ ń fi bọ́ọ̀sì gùn ún lójoojúmọ́. Ará Peckham, One Tree Hill kò jìnnà sí yín. Ẹni tó bá sì lọ kí ilé ní Ìbàdàn, kó jí ní kùtùkùtù kó gun Òkè Àrẹ lọ síbi ilé gogoro Bower, kó tún sọ̀, kó tún gùn ún. Àwọn ará àdúgbò á bi í pé ta ló ń lé e.

Ẹ ka oṣù mẹ́ta sẹ́yìn láti ọjọ́ eré, kí ẹ wo ohun tó wà nínú oṣù mẹ́ta yẹn. Ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni kì í bá àwọn ọmọ Yorùbá sọ rèé. Eré oṣù kejì tàbí ìkẹta á gba oṣù Kérésì lọ́wọ́ yín, ẹ sì mọ̀ pé Èkó lẹ máa wà, ẹ ò ní sùn, ẹ ò ní sáré. Eré oṣù kẹsàn-án á bọ́ sí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí ìgbéyàwó àti ọjọ́ ìbí àádọ́ta ọdún ń wáyé ní gbogbo Sátidé, aṣọ ẹbí mẹ́rin nínú oṣù kan. Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni eré gígùn gbọ́dọ̀ wà, ó máa ń fẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi tó máìlì mẹ́wàá tàbí mọ́kànlá. Ẹni tó bá jó títí di aago méjì òru kò lè sá a ní aago meje. Oṣù kọkànlá tèmi dára torí pé oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá máa ń rọlẹ̀. Ẹ tún mọ̀ pé parkrun wà, kìlómítà 5 ní gbogbo òwúrọ̀ Sátidé. Láti 2004 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Bushy Park, wọn ò sì gba kọ́bọ̀. Ìtìjú dídá sáré láàárín àwọn òyìnbó nìkan, mo mọ̀ ọ́n. Ẹgbẹ́ kan wà tó ń jẹ́ Black Trail Runners, àwọn èèyàn dúdú tó ń sáré lórí òkè àti nínú igbó ni. Ẹ wá wọn lọ.

Ó ku èyí tí n kì í fi ṣeré. Ẹ mọ jínótáìpù yín kí ẹ tó yan eré olókè. Nínú ọmọ Nàìjíríà mẹ́rin, bí ẹnìkan ló jẹ́ AS. AS kì í ṣe àìsàn, ọ̀pọ̀ AS ló ń sáré, tó sì ń borí. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó jẹ́ AS bá sáré àsápajúdé sórí òkè nínú ooru, láìtíì bá ara rẹ̀ mọ́ ọn, láìmu omi, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè ṣe bíi ti ẹni tó ní fòníkú-fọ̀ladìde, iṣan lè bẹ̀rẹ̀ sí í kú, èèyàn sì ti kú bẹ́ẹ̀ rí. Kó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìrọ̀rùn, kó gun òkè bí ara bá ṣe gbà á, kó dúró bí itan bá ń dùn ún lọ́nà tí kò mọ̀ rí, kó sì sọ fún àwọn oníṣègùn ibẹ̀ pé AS ni òun. Ẹ kọ ọ́ sẹ́yìn nọ́ńbà yín, àyè wà níbẹ̀. Ẹni tó bá jẹ́ SS tàbí SC, dókítà rẹ̀ ni kó lọ bá, kì í ṣe èmi. Omi náà ní ìwọ̀n: ẹni tó bá ń mu ún ní gbogbo tábìlì bí ẹni tí wọ́n ní kó mu ún tán lè mu ún kọjá ohun tí iyọ̀ ara rẹ̀ lè gbà. Bí òùngbẹ bá ń gbẹ yín, ẹ mu.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ ṣí ojú ìwé àwọn tó ń ṣètò eré náà. Ẹ wá àwòrán tó ń fi bí ọ̀nà ṣe ń gòkè tó ń sọ̀ hàn. Bí wọn ò bá gbé e síbẹ̀, ẹ fura. Ẹ wo wákàtí tí wọ́n máa ṣí ọ̀nà padà fún ọkọ̀, torí ẹni tó bá fẹ́ dúró yàwòrán ní gbogbo igun kò gbọ́dọ̀ yan eré tí wọ́n ń tètè palẹ̀ mọ́. Ẹ béèrè bóyá wọ́n á jẹ́ kí ẹ sún un sí ọdún tó ń bọ̀ bí ẹsẹ̀ bá fẹ́ jẹ yín níyà. Ẹ wá ibi tí ẹ máa sùn kí ẹ tó wá nọ́ńbà, torí ilé ìtura ìlú kékeré kì í pọ̀. Bàtà kánfáàsì tuntun, ilé ni kó wà. Ìrẹsì tàbí iṣu lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ẹ̀kọ gbígbóná láàárọ̀. Ẹ̀wà, ẹ jẹ́ kó di ọjọ́ kejì.

Ẹ wá ẹnìkan tí yóò di kóòtù yín mú níbi òpin. Òógùn tó bá tutù sára nínú afẹ́fẹ́ òkun lóṣù kọkànlá kì í pẹ́ kó tó mú èèyàn gbọ̀n.

Ní ti owó àánú tí mo ní màá padà sí: mo mọ̀ pé ẹ ó fi líǹkì ránṣẹ́. Ẹ má fi sí gbogbo gúrúùpù WhatsApp tí mo wà, ti ìjọ, ti ìlú, ti ilé ẹ̀kọ́. Ẹ fi ránṣẹ́ sí èmi nìkan, lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Màá dáwó.